Ọmọ Ń Pe Òǹkà, Kò Mọ Iye

Àìsàn kan ń ṣe àwa òbí ìgboro, a ò sì mọ̀ pé àìsàn ni, nítorí pé àtẹ́wọ́ la fi ń tọ́jú rẹ̀. Àlejò á wọlé, a ò tíì fún un lómi mu tán, a ti pe ọmọ ọdún mẹ́ta jáde láti inú yàrá: "Ó yá, ka wán, tú, tírì fún àǹtí." Ọmọ á dúró gbọnyin bí ṣọ́jà, á káwọ́ sẹ́yìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò rẹ̀. Á dé tuwẹ́ńtì, á dé fífítì, á kan họ́ńdírẹ́ẹ̀dì. Àlejò á pàtẹ́wọ́, á na owó sí i. Ìyá á rẹ́rìn-ín músẹ́, bàbá á ní, "Orí mi ló gbé wáyé."

Ó dáa. Ẹ wá sọ fún ọmọ kan náà pé kó lọ mú ṣíbí mẹ́rin wá láti kíṣìnnì. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbà ni yóò kó wá. Ó lè jẹ́ méje, ó lè jẹ́ méjì. Bí ẹ bá bi í pé mélòó ló kó wá, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí wán, tú, tírì. Ẹnu á máa sáré, ìka á máa wọ́lẹ̀, àwọn méjèèjì ò ní pàdé. Ọmọ tó ka ọgọ́rùn-ún fún àlejò kò mọ ẹ̀rin.

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀ ju báyìí lọ: ẹnu ọmọ la kọ́, a ò kọ́ ọwọ́ rẹ̀, a ò kọ́ ojú rẹ̀, a ò kọ́ ọpọlọ rẹ̀. Owó tí à ń san fún lẹ́sìnnì ọmọ ọdún mẹ́ta, owó òfò ni. Ilé ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀, nínú abọ́ àti ṣíbí, nínú ẹ̀wà tí à ń ṣà, nínú ọjà tí à ń ná, ní èdè tí a fi ń bá ara wa ṣeré, tí a sì fi ń bá ara wa jà. Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú, ṣùgbọ́n kó kà mí dópin ná.

Pípè ọ̀tọ̀, kíkà ọ̀tọ̀

Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa. Ẹni tó ń ka nǹkan ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀. Ìkínní, orúkọ kan fún nǹkan kan: a kì í pe ọsàn kan lẹ́ẹ̀mejì, a kì í sì í fo ọsàn kan. Ìkejì, orúkọ tí a pè gbẹ̀yìn ni iye gbogbo wọn lápapọ̀. Bí mo bá dúró lórí àrún, gbogbo ọsàn náà ló jẹ́ márùn-ún, kì í ṣe ọsàn tó kẹ́yìn nìkan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, ibi yòówù kí n ti bẹ̀rẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀tún, ìbáà ṣe òsì, iye kan náà ni n ó bá. Àwọn ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà méjì, Rochel Gelman àti Randy Gallistel, tú ọ̀rọ̀ yìí sí wẹ́wẹ́ nínú ìwé kan ní 1978. Lójú àgbàlagbà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lójú ọmọ ọdún mẹ́ta, òkè ńlá ni.

Ní 1990, obìnrin kan tó ń jẹ́ Karen Wynn tẹ ìwádìí tirẹ̀ jáde. Ó kó ohun ìṣeré síwájú àwọn ọmọ kéékèèké, ó ní kí wọ́n fún òun ní iye kan nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó lè pe òǹkà geere bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹ̀kúnwọ́ fún un! Wọ́n mọ orúkọ, wọn ò mọ ohun tí orúkọ wà fún. Wynn rí i pé ó máa ń gba ọmọ tó bí ọdún kan gbáko láti ibi pípè dé ibi kíkà. Ìyẹn ni pé ọmọ tó bu ẹ̀kúnwọ́ ṣíbí wá kì í ṣe òpònú. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni. Òpònú ni àgbàlagbà tó gbọ́ pípè, tó pè é ní kíkà, tó sì tara ṣáṣá lọ sanwó kí wọ́n lè kọ́ ọmọ láti pè é dé ẹgbẹ̀rún.

Bí ẹ bá rò pé mò ń ṣe àsọdùn, ẹ dán an wò. Ẹ da ẹ̀pà mẹ́wàá sórí tábìlì, ẹ ní kí ọmọ yín fún yín ní mẹ́ta. Bó bá fún yín ní mẹ́ta, ẹ tẹ́ márùn-ún ní ìlà, ẹ jẹ́ kó kà á. Lẹ́yìn náà ẹ fa ẹ̀pà wọ̀nyẹn jìnnà síra, kí ìlà náà gùn, ẹ wá bi í pé, "Mélòó ni báyìí?" Bó bá ní ó ti pọ̀ sí i, ẹ má lù ú o. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ibi tó wà ni. Ẹni tí kò mọ ibi tí ọmọ wà, ọ̀nà wo ló fẹ́ fi hàn án?

Pàṣán àti ìwé onílà

Ẹ wo ohun tí à ń ṣe dípò ìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ti ilé ìwé dé ní agogo méjì. Agogo mẹ́ta, tíṣà lẹ́sìnnì ti kan ilẹ̀kùn. Agogo méje alẹ́, a ṣí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá, kí la bá níbẹ̀? "Kọ 1 dé 500." Ọmọ á máa kọ ọ́, oorun á máa kùn ún, omijé á máa kán sórí ìwé, ìyá á di pàṣán mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá parí, ẹ bi í bóyá 39 ló pọ̀ jù ni tàbí 51. Ẹ máa gbọ́ nǹkan. Ohun tí ọmọ yẹn ṣe láti alẹ́, ìkọ̀wé ni, kì í ṣe ìṣirò. Ọwọ́ ló ro ó, orí kò ṣiṣẹ́.

Òmíràn tún wà tó máa ń bí mi nínú: "Má fi ìka kà!" Kí ló dé tí kò gbọdọ̀ fi ìka kà? Ọlọ́run fún un ní mẹ́wàá lọ́wọ́, ó fún un ní mẹ́wàá lẹ́sẹ̀. Ara ènìyàn kan ṣoṣo, ogún pé, gẹ́lẹ́ bí òǹkà wa ṣe ń fi ogún rìn. Ìka ni àpótí òǹkà àkọ́kọ́ tí ọmọ ní, kì í sọnù, a kì í sì í rà á. Ọmọ tó bá ń fi ìka kà ń jẹ́ kí ẹnu àti ohun tí ẹnu ń pè pàdé ara wọn. Ìgbà tí kò bá nílò rẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹgba gba ìka lọ́wọ́ rẹ̀ kò kọ́ ọ ní ìṣirò, ìbẹ̀rù ló kọ́ ọ.

Ìbẹ̀rù yẹn kì í sì í tán lára bọ̀rọ̀. Gbogbo wa la mọ ọmọ tó ti dé kíláàsì kẹta tàbí ìkẹrin tó lè kọrin ìsọdipúpọ̀ láti òkè délẹ̀, ṣùgbọ́n tí a bá rán an lọ ra búrẹ́dì, ohun tí oníbúrẹ́dì bá dá padà fún un ni yóò gbà wálé. Bó bá dé sẹ́kọ́ńdírì, á ní ìṣirò kì í ṣe tòun. Bó bá jókòó ṣèdánwò àṣejáde, ìṣirò ni yóò fà á lẹ́sẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn yunifásítì á sì tì mọ́ ọn lójú. A ó wá máa wá ẹni tó fi ọmọ wa gégùn-ún.

Ní 2007, Greg Duncan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ ọ̀nà mẹ́fà jọ láti Amẹ́ríkà, Kánádà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípa àwọn ọmọ tí wọ́n tọ ipasẹ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń tọ́ka jù lọ sí bí ọmọ yóò ṣe ṣe dáadáa sí nílé ìwé. Kì í ṣe ìwà jẹ́jẹ́, kì í tilẹ̀ ṣe ìwé kíkà ló gba ipò kìíní. Ìmọ̀ ìṣirò tí ọmọ gbé wọ ilé ìwé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ tí ọmọ gbé wọ ilé ìwé, ta ló yẹ kó ti dì í fún un? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Àwọn tó kà á kí ìwé tó dé

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìṣirò jẹ́ ohun àjèjì tó bá ọkọ̀ òkun dé. Ajíhìnrere kan tó ń jẹ́ Adolphus Mann, tó gbé ní Ìjàyè, kọ̀wé nípa òǹkà Yorùbá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1887. Ó ṣàlàyé bí àwọn ènìyàn ṣe ń ka owó ẹyọ. Wọ́n á da àpò owó sílẹ̀, ẹni tó ń kà á á kúnlẹ̀ tàbí kó jókòó tì í. Á máa fa owó márùn-ún márùn-ún. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ́nà méjì, ìyẹn ogún ìgbà, ọgọ́rùn-ún pé. Ọgọ́rùn-ún méjì á di òkìtì igba, wọ́n á gbá igba mọ́ igba. Ẹ wá wo orúkọ òǹkà wa báyìí: ẹgbẹ̀ta ni igba lọ́nà mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún ni igba lọ́nà márùn-ún. Ohun tí ọwọ́ ṣe nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ẹnu ń pè. Ẹnu kò dá rìn.

Nínú èdè wa pàápàá, òǹkà ń dì mọ́ nǹkan ni. Bí a bá ń pè é lásán, a ó ní ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Bó bá wá kan nǹkan, ó di iṣu méjì, ẹyin mẹ́ta, ọmọ mẹ́rin. Àwọn kan tó ti kọ̀wé lórí èdè wa sọ pé "mú" ló sá pamọ́ sínú "méjì" àti "mẹ́ta" yẹn: iṣu tó mú èjì, ẹyin tó mú ẹ̀ta. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́, etí ọmọ tó gbọ́ Yorùbá ti gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín òǹkà tí a ń pè àti òǹkà tó ní nǹkan lọ́wọ́. Àwa la wá ń fi owó ra èyí tí kò ní nǹkan lọ́wọ́ fún un.

Ẹ tún gbọ́ ti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: ogún tó dín márùn-ún. Mẹ́rìndínlógún: ogún tó dín mẹ́rin. Ọmọ tó bá pe èyí, tó sì kó òkúta ogún sílẹ̀, tó yọ mẹ́rin kúrò níbẹ̀, ó ti mọ ogún, ó ti mọ àyọkúrò, ó sì ti mọ̀ pé tí wọ́n bá dá mẹ́rin náà padà, ogún ni yóò tún jẹ́. Orúkọ kan ṣoṣo, ìṣirò méjì nínú rẹ̀.

Ọpọ́n ayò ńkọ́, tí a ti sọ di ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri fún ẹwà? Ihò méjìlá, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ayò gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí ọmọ ayò tó kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀ yóò balẹ̀ sí kó tó gbọ́n ihò, kó lè sọ ihò ọ̀tá di méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn àgbà tó ń ta á lábẹ́ igi, tí a ń pè ní aláìríṣẹ́ṣe, ìṣirò orí ni wọ́n ń ṣe láti àárọ̀. Ọmọ tó bá dúró tì wọ́n wòran ti wà ní kíláàsì.

Mínísítà ò gbé nílé yín

Ẹnì kan ti ń kùn níbẹ̀ yẹn. Ó ní, "Ẹ fi Yorùbá sílẹ̀ jàre. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣèdánwò. Òǹkà Yorùbá le, yóò da ọmọ lórí rú."

Mo gbọ́. Apá kan òtítọ́ wà níbẹ̀: láti bíi àádọ́ta sókè, òǹkà wa ń fẹ́ àròjinlẹ̀, n kò sì ní kí ẹ ki ọmọ ọdún mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí àádọ́rin. Àmọ́ ta ló ní kẹ́ ẹ débẹ̀? Ẹ dúró lórí ogún. Láti ení dé ẹ̀wá, èwo ló le níbẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ? Bẹ́ ẹ bá sì dé ọ̀kànlá, tiwa ló là jù. Ọ̀kànlá ń sọ fún ọmọ pé ọ̀kan lé lórí ẹ̀wá. Èjìlá, èjì lé. Kí ni "ìlẹ́fùn" àti "tuwẹ́ẹ̀fù" ń sọ fún un? Ariwo lásán. Ọmọ tó ti fi ọwọ́ mọ ọ̀kànlá nílé kò ní pẹ́ mọ ìlẹ́fùn nílé ìwé, orúkọ tuntun ló kàn ń kọ́ fún ohun tó ti mọ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ló ṣíwájú rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà tí wọ́n lò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì di iṣẹ́ kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́tọ̀. Àwọn aláriwo ní àwọn ọmọ náà yóò ṣègbé. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn ò rẹ̀yìn, wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ ní ibi púpọ̀. Ìwé tó ròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 1989.

Kí nìjọba fi ṣe? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, kí gbogbo ilé ìwé padà sí Gẹ̀ẹ́sì, láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. N kò ní ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: mínísítà ò gbé nílé yín. Kò sí òfin tó sọ èdè tẹ́ ẹ máa fi pín ẹran fún ọmọ. Bí ilé ìwé bá ti di Gẹ̀ẹ́sì pátápátá, ilé nìkan ló kù tí ọmọ ti lè mọ iye ní èdè tó yé e. Bí àwa náà bá tún ti ilẹ̀kùn yẹn, tá a gbé wán, tú, tírì jókòó sí pálọ̀, níbo ló tún kù tí yóò gbà?

Ohun tó wà nílé

Ẹ ò nílò ìwé aláràbarà, ẹ ò nílò fóònù tó ń kọrin. Ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ látorí oúnjẹ. "Àwa mélòó la fẹ́ jẹun? Lọ kó abọ́ tó tó wa wá." Ẹ má sọ iye fún un, ẹ jẹ́ kó wá a fúnra rẹ̀. Bí abọ́ kan bá dín, kò sí tíṣà tó lè ṣàlàyé àìtó bí ẹni tí kò ní abọ́ níwájú. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ká má ka abọ́.

Bẹ́ ẹ bá ń bu ìrẹsì, ẹ jẹ́ kó bá yín ka ife. Bẹ́ ẹ bá ra kíréètì ẹyin kan, ọgbọ̀n ni; bẹ́ ẹ bá ti din mẹ́rin, ẹ bi í pé mélòó ló kù, kó lọ wò ó. Bẹ́ ẹ bá ń fọṣọ, ẹ jẹ́ kó máa so ìbọ̀sẹ̀ pọ̀ ní méjì méjì, kó wá èyí tí kò ní èkejì. Ẹran mẹ́jọ nínú ọbẹ̀, ènìyàn mẹ́rin nílé: ẹ gbé síbí fún un, kó pín in. Bó bá pín in tí kò dọ́gba, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò sọ fún un kíá! Ẹ gé ẹ̀bà, ẹ gé iṣu, kẹ́ ẹ pe "ìlàjì" síbẹ̀, kẹ́ ẹ pe "ìdá mẹ́rin" síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni kẹ́ ẹ máa tú síta láti àárọ̀ dalẹ́: ó jù, ó dín, ó kù, ó lé, ó dọ́gba, mélòó. Inú wọn ni ìṣirò wà, kì í ṣe inú ìwé onílà.

Lọ́jà, ẹ mú ọmọ lọ́wọ́ dání. Ẹ jẹ́ kó ka tòmátì tó wà nínú abọ́ kan àti abọ́ kejì, kó sọ èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tí ìyá olọ́jà bá fi èènì sí i, ẹ bi í pé, "Mẹ́fà la rà, mélòó ló ti dà báyìí?" Kẹ́ ẹ tó nawọ́ gba ṣẹ́ńjì, ẹ ní kí ọmọ ọdún mẹ́fà sọ iye tó yẹ kó jẹ́. Ẹ ṣe sùúrù fún un. Olọ́jà kò ní sá lọ.

Ní ọjọ́ ìsinmi, ẹ gbé Ludo sílẹ̀. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Robert Siegler àti Geetha Ramani, ní Amẹ́ríkà, mú àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún láti ilé àwọn mẹ̀kúnnù, wọ́n bá wọn ta eré kan tí wọ́n kọ 1 dé 10 sí ojú rẹ̀ ní ìlà, tí ọmọ ń tì í síwájú ní ẹyọ kan tàbí ẹyọ méjì, tó sì ń pe nọ́ńbà tó bá bọ́ sí. Ìgbà mẹ́rin péré ni láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2008: àwọn ọmọ náà tẹ̀ síwájú nínú kíkà, wọ́n mọ nọ́ńbà tó ju èkejì lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà kò sì tíì kúrò lórí wọn. Ludo tiwa ní ọmọ ayò méjì tí à ń jù: ẹ jẹ́ kí ọmọ ro márùn-ún pọ̀ mọ́ mẹ́ta kó tó rìn. Whot náà wà ńbẹ̀. Bí eré bá parí, ẹ jẹ́ kó ṣírò ohun tó kù sí i lọ́wọ́; bó bá sì ti dàgbà díẹ̀, ẹ kọ́ ọ pé ìràwọ̀ ń di ìlọ́po méjì. Ṣúwé tí wọ́n ń fi ẹfun fà sílẹ̀ nínú ọgbà, ìlà nọ́ńbà ni. Ẹ má lé wọn.

Bó bá ṣì í, ẹ má fi ọ̀bẹ̀rẹ̀ pè é. Ẹ ní, "Wá, jẹ́ ká jọ kà á." Ìyẹn nìkan ti tó.

"A ò ráàyè"

Mo ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ jáde nílé ní agogo márùn-ún ìdájí, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ dá yín dúró, ẹ wọlé ní mẹ́jọ alẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ kì í jẹun? Ṣé ẹ kì í gun àkàsọ̀? N kò ní kẹ́ ẹ wá àyè tuntun, àyè tẹ́ ẹ ti ń lò ni kẹ́ ẹ fi ẹnu sí. Tíṣà lẹ́sìnnì tẹ́ ẹ ń sanwó fún kò sí níbi tí wọ́n ti ń pín ẹran.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣé kí ọmọ máa kiri ọjà ni?" Rárá o. Ojú títì kì í ṣe ibi ọmọdé, ewu ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ti bá ara wọn níbẹ̀. Ní ìlú Recife, ní ilẹ̀ Brazil, Terezinha Carraher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì bá ọmọ márùn-ún tó ń tajà sọ̀rọ̀, láti ọmọ ọdún 9 dé 15, wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 1985. Wọ́n ra ọjà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń bi wọ́n ní iye owó. Nínú ọgọ́rùn-ún, ìbéèrè 98 ni wọ́n gbà. Nígbà tí wọ́n kọ irú ìṣirò kan náà sórí ìwé, láìsí ọjà nínú rẹ̀, 37 ni. Wọ́n bi ọmọ ọdún 12 kan pé èló ni àgbọn mẹ́wàá, nígbà tí ọ̀kan jẹ́ 35. Kò fi òdo sẹ́yìn bí tíṣà ṣe ń kọ́ni. Ó ní mẹ́ta jẹ́ 105, mẹ́ta sí i, 210. Ó tún fi mẹ́ta lé e, 315. Ó fi ẹyọ kan tó kù sí i, 350. Ọpọlọ kan náà ló gbé lọ síbi ìwé, kí ló dé tó fi kú síbẹ̀? Nítorí pé àgbọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ilé ìwé ni láti so àgbọn mọ́ ìwé. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí ọmọ má dé ilé ìwé láìfọwọ́ kan àgbọn rí.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má fọgbọ́n yọ ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín gbà pé bí owó ilé ìwé bá ti jáde, ẹrù tán lọ́rùn yín, ti ìyá ló kù. Ẹ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ ń pariwo bọ́ọ̀lù, ọmọ wà lórí itan yín. Wọ́n ti gbá mẹ́ta sáwọ̀n yín, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹyọ kan padà. Ẹ bi í pé mélòó ló kù kí ó tó dọ́gba. Ìṣirò nìyẹn! Ẹ sì má ṣe bi ọmọkùnrin nìkan. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti ń rán ọmọbìnrin lọ gbálẹ̀ nígbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń ta ayò pẹ̀lú bàbá. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n á ní obìnrin kì í mọ ìṣirò.

Àwọn tó ń ta lẹ́sìnnì kò ní fẹ́ràn mi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ kíláàsì karùn-ún tí iṣẹ́ rú lójú, mo kí i, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe. Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ òbí kó lè máa bá ọmọ ọdún mẹ́ta pariwo nọ́ńbà, òun ni mò ń bá wí, àti àwa tí à ń san án.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti san owó lẹ́sìnnì oṣù tó ń bọ̀ fún ọmọ tí eyín rẹ̀ kò tíì ká, ẹ lọ gbà á padà. Ẹ fi ra ẹ̀wà. Ẹ dà á sínú atẹ, kí ẹ jókòó ti ọmọ yín, kẹ́ ẹ jọ ṣà á.